Sípóòkù Tó Dẹ̀ Ló Ń Ṣẹ́: Bí A Ti Ń Tún Ẹsẹ̀ Alùpùpù Àtijọ́ Hun

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí lóṣooṣù mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ìfipamọ́ àti owó yíyá ni mo sábà máa ń kọ sí ojú ewé yìí. Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ sípóòkù ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ yọjú sí ìta gbọ̀ngàn wa lọ́jọ́ ìpàdé, kí ó ka iye alùpùpù tó wà níbẹ̀. Owó ẹgbẹ́ ni a fi ra púpọ̀ nínú wọn. Bí ẹsẹ̀ alùpùpù bá ká lójú ọ̀nà, ẹni tó gùn ún yóò ṣubú, ẹrù rẹ̀ yóò fọ́n ká, gbèsè rẹ̀ yóò sì dúró gbọn-in sínú ìwé wa.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí ni ti ọ̀kan nínú wa tó ń kó iṣu láti oko wá sí ọjà. Honda CG125 àtijọ́ ló ń gùn, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Honda bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1976 fún àwọn ilẹ̀ bíi tiwa, níbi tí a ti ń di ẹrù ju bó ti yẹ lọ tí a kì í sì í tètè pààrọ̀ ọ́ìlì. (Kì í ṣe pé wọ́n bú wa, òótọ́ ni wọ́n rí.) Sípóòkù 2 ṣẹ́ ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ rípíárà kan, wọ́n fi 2 tuntun sí i, ó sanwó, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, 3 mìíràn ṣẹ́. Wọ́n tún fi 3 sí i. Lẹ́yìn èyí ni ríìmù wá tẹ̀, tí táyà ń jó lọ jó bọ̀, ni wọ́n bá sọ fún un pé kí ó lọ ra odindi ẹsẹ̀ mìíràn. Ó wá sọ́dọ̀ wa láti yá owó. Ìgbìmọ̀ ní kí n lọ wo ọ̀rọ̀ náà kí a tó fọwọ́ sí i.

Mo kó àjákù sípóòkù márààrún jọ sórí tábìlì, mo wò wọ́n dáadáa. Gbogbo wọn, ibi ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n ti ṣẹ́, ìyẹn ibi tí wáyà ti ká nítòsí orí tó há sínú họ́ọ̀bù. Kò sí ìkankan tó já láàárín. Ẹni tó bá mọ ìtumọ̀ èyí kò ní ná owó rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ tí sípóòkù ń ṣe

Ẹ rántí kẹ̀kẹ́ ẹrù ayé àtijọ́, tí wọ́n fi igi ṣe. Igi ńláńlá tó wà láàárín rẹ̀ ń ti ẹrù sókè bí òpó ṣe ń gbé àjà ilé. Sípóòkù alùpùpù kò rí bẹ́ẹ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bí ẹ bá fi ọwọ́ tì í láti òkè, yóò tẹ̀. Bí okùn ló ṣe rí: okùn kò ṣeé fi ti ẹrù, fífà nìkan la ń fi í fà. Nítorí náà a ní láti fún gbogbo sípóòkù le kí ẹnikẹ́ni tó jókòó lórí alùpùpù, kí gbogbo wọn máa fa ríìmù sínú láti ìhà gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Fífà tó dọ́gba yìí ni agbára ẹsẹ̀ náà. Ríìmù nìkan, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Họ́ọ̀bù nìkan, kò lè dá nǹkan kan ṣe.

Nígbà tí ẹrù bá ti wà lórí alùpùpù, ilẹ̀ ń ti ríìmù sókè díẹ̀ níbi tí táyà ti kan ilẹ̀. Àwọn sípóòkù tó wà nísàlẹ̀ lákòókò náà á dẹ̀ díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti yí, wọ́n á le padà, àwọn mìíràn á sì dẹ̀ dípò wọn. Bí a bá ti fún sípóòkù le bó ti yẹ látìbẹ̀rẹ̀, dídẹ̀ yìí kò tó nǹkan, ó ṣì ń fà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ti dẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá dé ìsàlẹ̀ ni yóò tú sílẹ̀ pátápátá, tí orí rẹ̀ yóò ṣí kúrò ní ìjókòó rẹ̀ nínú ihò. Bó bá tún gòkè, yóò gbá padà. Táyà tó jẹ́ 2.75-18 ń yí ju ìgbà 500 lọ láàárín kìlómítà kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ láti oko dé ọjà. Gbogbo wa la ti fi ọwọ́ ká wáyà lọ, tí a ká a bọ̀, títí ó fi ṣẹ́ láìlo ayùn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìgbọ̀nwọ́ sípóòkù tó dẹ̀ nìyẹn gẹ́lẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń ta ko ọ̀rọ̀ tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọlọ́kadà, pé "má fún un le jù, yóò ṣẹ́." Ó ṣeé ṣe kí a fún sípóòkù le jù, bẹ́ẹ̀ ni, ríìmù á sì ká tàbí kí ojú ihò rẹ̀ ya. Ṣùgbọ́n nínú èyí tó ń ṣẹ́ níbi ìgbọ̀nwọ́ lójú ọ̀nà wa, dídẹ̀ ló pa púpọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí ọ̀kan bá sì ti ṣẹ́, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń ru ẹrù tirẹ̀. Wọ́n ti gbó bíi tirẹ̀, ọjọ́ orí wọn kan náà ni. Fífi ẹyọ méjì tuntun sáàárín 34 tó ti gbó, bí ẹni fi aṣọ tuntun lẹ èyí tó ti jẹ ni: ẹ̀bá ibi tí a lẹ̀ ni yóò tún ya. Bí sípóòkù bá ti ṣẹ́ tó 3 ní ìgbọ̀nwọ́ láàárín àkókò kúkúrú, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ohun tí ìgbìmọ̀ sọ fún ọmọ ẹgbẹ́ wa oníṣu náà nìyẹn. Họ́ọ̀bù rẹ̀ ṣì dára, béárìn rẹ̀ dára. Ríìmù kan àti sípóòkù 36 ló rà, owó tó yá sì kéré gan-an sí èyí tó wá béèrè.

Ẹ tún kíyè sí i pé sípóòkù kì í jáde tààrà láti àárín họ́ọ̀bù bí ìtànṣán oòrùn. Ó ń jáde ní ìdàgẹ̀rẹ̀, àwọn kan dàgẹ̀rẹ̀ síwájú, àwọn kan sẹ́yìn, wọ́n sì ń gba ara wọn kọjá. Bí ẹ bá so okùn mọ́ àárín òpó tí ẹ fẹ́ yí, tí ẹ fà á tààrà, òpó náà kò ní yí. Ẹ fà á láti ẹ̀gbẹ́, yóò yí. Ṣéènì ń yí họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, họ́ọ̀bù ní láti fa ríìmù tẹ̀lé ara rẹ̀: àwọn sípóòkù tó dàgẹ̀rẹ̀ sápá kan ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, họ́ọ̀bù fẹ́ dúró, ríìmù ṣì fẹ́ máa lọ: àwọn tó dàgẹ̀rẹ̀ sápá kejì ló ń dá a dúró. Nítorí pé inú họ́ọ̀bù ni bíréèkì àwọn alùpùpù àtijọ́ wà, àti ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn la gbọ́dọ̀ hun ní gbígba ara wọn kọjá. James Starley, ará Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú híhun yìí ní ọdún 1874, fún kẹ̀kẹ́ ológeere. Àwọn àgbà wa tó gun Raleigh yóò rántí pé sípóòkù iwájú rẹ̀ jẹ́ 32, ti ẹ̀yìn 40, nítorí ẹ̀yìn ló ń gbé ẹrù. Ọ̀pọ̀ alùpùpù Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, bíi Triumph àti BSA, ń lo 40; èyí tó wọ́pọ̀ lára ti Japan jẹ́ 36. Lórí 36 ni n ó ti ṣe àlàyé mi.

Kí a tó tú u

Ibí yìí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Ẹlòmíràn á gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, á mú ayùn irin, á gé gbogbo sípóòkù kúrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọ̀run pé báwo ló ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀gá rípíárà yín bá fẹ́ tú ẹsẹ̀ láìmú rúlà àti bírò dání, ẹ rọra gba ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ríìmù kì í fi gbogbo ìgbà wà ní àárín họ́ọ̀bù gẹ́lẹ́. Ó lè sún sápá kan díẹ̀ nítorí ṣéènì tàbí ilé bíréèkì. Bí ẹ bá hun ún tán tí kò sún tó bó ti yẹ, ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn kò ní tẹ̀lé ojú ìlà kan náà, alùpùpù yóò sì máa fà sápá kan. Ẹ fi igi tàbí irin tó gún régé dábùú ojú họ́ọ̀bù, kí ẹ wọn àlàfo láti igi náà dé etí ríìmù ní mìlímítà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ mú sípóòkù kan, ẹ tẹ̀lé e láti họ́ọ̀bù dé ríìmù, kí ẹ ka iye àwọn ti apá kan náà tó gbà kọjá. Ó lè jẹ́ 1, ó lè jẹ́ 2 tàbí 3. Ẹ kọ ọ́. Ẹ wo ibi tí ihò fáàfù wà, kí ẹ sì wo ìhà tí sípóòkù méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dàgẹ̀rẹ̀ sí. Àwọn ọmọ wa tó ní fóònù, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Àwòrán kan á gbà yín lọ́wọ́ àríyànjiyàn púpọ̀.

Àwọn nípùlù, ìyẹn nọ́ọ̀tì kékeré tó wà ní ẹnu ríìmù, á ti dípẹtà. Ẹ fi ọ́ìlì tí a pò mọ́ kẹrosíìnì sí wọn ní alẹ́, kí ó di ọjọ́ kejì. Tí ẹ bá ń tú wọn, ẹ yí gbogbo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ káàkiri. Ẹ má tú apá kan tán kí ẹ tó kan apá kejì, nítorí àwọn tó ṣì le yóò fa ríìmù wọ́. Bí ìpẹtà bá ti borí ohun gbogbo, ẹ lè gé e, ṣùgbọ́n kí ẹ ti wọ̀n ọ́n ná, kí ẹ sì yọ ó kéré tán sípóòkù kan láìgé nínú irú kọ̀ọ̀kan. Mo ní irú kọ̀ọ̀kan, nítorí gígùn wọn lè má dọ́gba: apá tí ilé bíréèkì wà lè ní etí họ́ọ̀bù tó tóbi ju apá kejì lọ, sípóòkù tirẹ̀ á sì kúrú.

Bí họ́ọ̀bù bá ti dá wà, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ wo etí rẹ̀ bóyá ó ti sán. Ẹ wo àwọn ihò bóyá wọ́n ṣì rí róbótó tàbí wọ́n ti gùn bí ẹyin. Họ́ọ̀bù tó ti sán, ẹ má fi sípóòkù tuntun ṣòfò lórí rẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń tà á

Àwọn oníṣòwò wa tó ń ta pátì alùpùpù, ọ̀rọ̀ yín rèé. Ẹ má tú sẹ́ẹ̀tì sípóòkù láti ta á ní ẹyọ-ẹyọ, kí ẹ tún wá fi òmíràn dí i. Nínú sẹ́ẹ̀tì kan, sípóòkù inú àti sípóòkù òde wà. Ti inú ni èyí tí ara rẹ̀ gba inú etí họ́ọ̀bù kọjá. Ti òde ni èyí tí ara rẹ̀ gba ìta. Ìgbọ̀nwọ́ wọn kì í sábà ká bákan náà, ẹni tí kò bá fara balẹ̀ kò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Bí wọ́n bá ti dàpọ̀, ìgbọ̀nwọ́ kò ní jókòó dáadáa sínú ihò, ẹ sì ti mọ ibi tí sípóòkù ti ń ṣẹ́.

Gígùn sípóòkù, láti inú ìgbọ̀nwọ́ dé ìparí ojú sikuru la ti ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe láti orí. Ìnípọn rẹ̀ ní nọ́ńbà: nọ́ńbà 8 nípọn tó mìlímítà 4.06, nọ́ńbà 9 tó 3.66, nọ́ńbà 10 tó 3.25. Bí nọ́ńbà ṣe ń pọ̀ sí i ni wáyà ń tín-ín-rín sí i, ó sì ti da ọ̀pọ̀ oníbàárà láàmú. Ẹ tún fi èékánná wo ibi sikuru rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ ojú sikuru náà jáde lára irin, ibẹ̀ á nípọn díẹ̀ ju ara wáyà lọ. Bí wọ́n bá gé e ni, kò ní nípọn jù ú, ibi gígé yẹn sì ti di ibi àìlera. Èyí tí wọ́n tẹ̀ ni kí ẹ máa rà wá sí ìsọ̀, bí ó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀.

Ríìmù náà ní nọ́ńbà lára. 1.60x18 túmọ̀ sí pé inú rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 1.60, táyà ínṣì 18 ló sì gbà. Lára ti Gẹ̀ẹ́sì, WM1 ni wọ́n ń pe 1.60, WM2 ni 1.85, WM3 ni 2.15. Ṣùgbọ́n kí nọ́ńbà bá ara mu nìkan kò tó. Ẹ wo ojú ihò ríìmù: wọ́n ti tẹ ihò kọ̀ọ̀kan kí ó kọjú sí ibi tí sípóòkù rẹ̀ yóò ti wá. Ríìmù tí wọ́n lu fún họ́ọ̀bù kékeré, bí a bá fi họ́ọ̀bù ńlá sínú rẹ̀, gbogbo sípóòkù yóò tẹ̀ ní ẹnu nípùlù. Kí oníbàárà gbé họ́ọ̀bù rẹ̀ wá sí ìsọ̀, ìyẹn ló dára jù.

Híhun rẹ̀

Sípóòkù 36 jẹ́ ọ̀nà mẹ́rin: 9 ti inú àti 9 ti òde ní apá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ náà ní apá òsì. Ẹni tó bá mọ èyí ti mọ ìdajì iṣẹ́. Bí ẹ bá wo ríìmù, ẹ ó rí i pé ojú ihò mẹ́rin-mẹ́rin ló ń tún ara wọn ṣe yíká: ọ̀kan kọjú sókè ó sì yí sọ́tùn-ún, ọ̀kan kọjú sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ihò ló ń júwe ọ̀nà, ẹ má bá a jà.

Ẹ gbé họ́ọ̀bù sórí tábìlì, kí ẹ to ríìmù yí i ká, kí ẹ fi igi gbé e sókè díẹ̀ tí họ́ọ̀bù á fi wà láàárín. Ẹ kọ́kọ́ ki gbogbo sípóòkù inú bọ etí họ́ọ̀bù méjèèjì, ihò kan bọ́ sí ẹ̀yìn ihò kan. Ti inú ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, nítorí bí ti òde bá ti wọlé, kò sí àyè mọ́ láti ki ti inú bọ̀ ọ́. Ẹ mú sípóòkù inú kan ní apá ìsàlẹ̀, ẹ wá ihò tó kọjú sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò fáàfù, ẹ fi nípùlù mú un. Ẹ fo ihò mẹ́ta, ẹ fi èyí tó tẹ̀lé e sínú ìkẹrin, títí tí 9 yóò fi pé. Ẹ wá fi ọwọ́ yí họ́ọ̀bù díẹ̀ kí gbogbo wọn dàgẹ̀rẹ̀ sí ìhà tí ẹ ti rí nínú àwòrán. Ẹ ṣe ti inú apá òkè bákan náà. Lẹ́yìn èyí ni ti òde wá, tí yóò dàgẹ̀rẹ̀ sí òdìkejì, tí yóò gba orí iye sípóòkù tí ẹ ti kọ sílẹ̀ kọjá. Bí ẹni hun ẹní ni: èyí tó gba òkè, kó gba òkè, èyí tó gba ìsàlẹ̀, kó gba ìsàlẹ̀.

Ẹ kan ọ́ìlì tàbí gírísì díẹ̀ mọ́ ojú sikuru kọ̀ọ̀kan. Nípùlù kọ̀ọ̀kan, ìyí mẹ́rin péré ni kí ẹ fi ọwọ́ yí i, títí gbogbo 36 yóò fi wọlé. Bí ẹ bá rí sípóòkù kan tí kò dé ihò rẹ̀, tàbí tó gùn kọjá, ẹ dúró. Ihò tí kì í ṣe tirẹ̀ ló wà, tàbí kí ó jẹ́ irú mìíràn. Àwọn kan á fi pílásì fà á dé ibẹ̀. Ó máa ń dé ibẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í pẹ́.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti wọlé, ẹ yí nípùlù kọ̀ọ̀kan títí ojú sikuru yóò fi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú rẹ̀ tán. Gbogbo wọn ti dọ́gba nìyẹn. Láti ibẹ̀, ìlàjì ìyí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ihò fáàfù kí ẹ sì parí síbẹ̀, kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀ ìlàjì mìíràn. Ẹni tó bá ti wo àwọn tó ń kan ìlù dùndún mọ̀ pé wọn kì í fa ọṣán kan le tán kí wọ́n tó kan èyí tó kù. Wọ́n á fà á yí ká, wọ́n á tún fà á yí ká. Bí wọ́n bá fa ẹ̀gbẹ́ kan le jù, awọ á wọ́, ohùn ìlù á sì dàrú.

Títò ó kí ó má jó mọ́

Ẹ ki irin ásùlù bọ àárín rẹ̀, ẹ gbé e sórí fọ́ọ̀kì alùpùpù náà fúnra rẹ̀ tàbí sáàárín igi méjì. Ẹ so ìṣó kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ fọ́ọ̀kì kí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ríìmù. Ẹ yí ẹsẹ̀, kí ẹ wo ibi tí ìṣó ti ń ha.

Jíjó sókè-sódò ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Níbi tí ríìmù bá ti yọ síta, ẹ fún àwọn sípóòkù ibẹ̀ le, ti ọ̀tún àti ti òsì ní iye kan náà. Ibi tó bá wọlé jù, ẹ dẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà, jíjó sọ́tùn-ún sósì: bí ríìmù bá lọ sósì, ẹ fún ti ọ̀tún le ìdá kan nínú mẹ́rin ìyí, kí ẹ dẹ ti òsì ní iye kan náà. Ẹ má lò ju ìlàjì ìyí lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tún fi igi dábùú họ́ọ̀bù, kí ẹ wọn àlàfo ọjọ́sí. Ẹ ó rí i pé bí ẹ ti ń tún ọ̀kan ṣe ni òmíràn ń yẹ̀ díẹ̀. Ẹ padà sí i, ẹ má bínú. Nínú ìwé àtúnṣe Honda, mìlímítà 2 ni òpin jíjó tí wọ́n gbà, yálà sókè-sódò tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ á mú un wá sílẹ̀ ju mìlímítà 1 lọ, bí ríìmù bá jẹ́ tuntun.

Nígbà tó bá kù díẹ̀, ẹ di sípóòkù méjì-méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn mú, kí ẹ fún wọn pọ̀ mọ́ra pẹ̀lú agbára ọwọ́, káàkiri. Ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń dún kẹ́ẹ́. Orí wọn ló ń jókòó sínú ihò. Ó sàn kí wọ́n jókòó lọ́wọ́ yín ju kí wọ́n jókòó lábẹ́ àpò gaàrí lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tún un tò.

Ẹ wá mú sípánà kékeré, ẹ fi kan sípóòkù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tẹ́tí. Èyí tó le á dún gooro. Èyí tó dẹ̀ á dún bí igi tó jẹrà. Kí ti apá kan náà dún ní ohùn kan náà. Bí gígùn apá méjèèjì kò bá dọ́gba, ohùn wọn lè yàtọ̀ díẹ̀, kò burú. Àwa Yorùbá tí a ń fi ohùn òkè àti ohùn àárín mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ní ẹ̀rọ kan ni òun fi lè mọ sípóòkù tó dẹ̀.

Ohun kékeré méjì ló kù tí àwọn èèyàn máa ń fojú fò. Bí ẹnu sípóòkù bá yọ sókè kọjá nípùlù sínú ríìmù, ẹ fi fáìlì rẹ́ ẹ kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò lu túùbù, ẹ ó sì máa bú fọkanáísà tí kò mọ nǹkan kan. Ẹ sì fi rọ́bà ríìmù yí i ká. Túùbù àtijọ́ tí a gé tẹ́ẹ́rẹ́ náà á ṣe é. Ìkejì, ẹ tẹ bíréèkì bí ẹsẹ̀ ti ń yí. Fífà sípóòkù lè mú kí ilé bíréèkì má rí róbótó mọ́, ìyẹn ni bíréèkì á fi máa gbá lẹ́sẹẹsẹ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń rẹ́ irin kí ó rẹ́ inú rẹ̀ díẹ̀, pẹ̀lú sípóòkù lára rẹ̀. Bí ẹ bá rẹ́ ẹ kí ẹ tó hun ún, asán ni.

Àwọn kan ti béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kì í ṣe pé kí a kúkú bọ́ sí ẹsẹ̀ tí wọ́n dà lódindi, tí kò ní sípóòkù rárá. Ó dára lójú títì tó tẹ́jú, kò sì ń béèrè títò. Ṣùgbọ́n bó bá já sí kòtò tó sì sán, kò sí ohun tí rípíárà ìgbèríko lè fi ṣe. Ti onísípóòkù, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ṣeé pààrọ̀. Fún ọ̀nà oko wa, èmi ṣì fara mọ́ sípóòkù.

Ẹsẹ̀ tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ hun gbọ́dọ̀ padà sábẹ́ sípánà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí díẹ̀ nínú wọn á ti dẹ̀. Ẹ má di ẹrù kíkún láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi sípánà kàn án lóṣooṣù, ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Láti oṣù tó ń bọ̀, ní ọjọ́ ìpàdé, sípánà nípùlù kan yóò wà lórí tábìlì mi. Kí gbogbo ẹni tó fi owó ẹgbẹ́ ra alùpùpù dé ní ìdajì wákàtí ṣáájú àkókò, kí a jọ gbọ́ ohùn sípóòkù wọn, ti ẹ̀yìn kí a tó gbọ́ ti iwájú.